Ẹsẹ̀ Àga Tí A Gé

Gbogbo àdúgbò ló ń pe bàbá mi ní Ìgúnrégé, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ojú rẹ̀ kì í gba ohun tó bá wọ́. Bó bá wọ ilé onílé, kó tó kí wọn tán, á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ká bébà sí mẹ́rin, á fi tẹ́ abẹ́ tábìlì tó ń mì. Níbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ kan, àdúrà ń lọ lọ́wọ́ ló dìde, ó lọ tún fọ́tò kan tó wọ́ lára ògiri ṣe, ó sì padà wá ṣe àmín. Ìyá mi kì í jẹ́ kó gbádùn. Á ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tèmi, bí orí ọmọ ò tiẹ̀ wọ́, á ṣì fi rúlà wọ̀n ọ́n."

Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pe bàbá tó bí mi. Bí mo bá ń pe é ní "wọ́n", ẹ ò ní mọ ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ àwọn ará òdìkejì odò, ọ̀rọ̀ tiwọn sì pọ̀ níbí.

Yàrá iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ẹ̀rún igi sì máa ń bá wa dé orí ibùsùn. Ọkọ mi jẹ́ awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, kì í gbélé, nítorí náà ilé bàbá mi ni mò ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo sì ń bá a ṣe. Èmi ni mo máa ń fi sáńpépà ha igi, èmi ni mo máa ń kun ún ní fáníìṣì. Mo sọ èyí níbẹ̀rẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọdún méjìlélógún ni ojú fi ń tì mí láìsọ ọ́, ìyẹn sì burú ju èyí lọ.

Odò ló pààlà sáàárín àwa àti àwọn, afárá kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ogun àkọ́kọ́ gba ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kejì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá mi, kú sí ìdí afárá náà. Wọn ò rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú wá, bàbá mi sì gbé e sórí pẹpẹ tí a máa ń kó irinṣẹ́ sí, láàárín ayùn àti òòlù. Kò sunkún. Ó mú pákó kan, ó ń fá a fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, kò wọ̀n ọ́n, kò sì bi ẹnikẹ́ni ohun tó fẹ́ fi ṣe, títí pákó náà fi fẹ́lẹ́ tó ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Látìgbà náà, a ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ogun parí, àwa la ṣẹ́gun. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjọ́ kejì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń nu àga kó tó jókòó lé e, bí àga ọ̀hún tiẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ kẹsàn-án òní ni wọ́n ń bọ̀ wá tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Ẹ bá wa ṣe tábìlì gígùn kan pẹ̀lú àga méjìlá. Mẹ́fà tiwa, mẹ́fà tiwọn."

Bàbá mi ní, "Ṣé kí gbogbo ẹ̀ rí bákan náà?"

Akọ̀wé fi ọwọ́ gbọn afẹ́fẹ́ dànù. "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àga náà ni àga ń jẹ́."

Ohun tó sọ nìyẹn. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ọjọ́ keje ni iṣẹ́ parí. Mo ti ṣe àga rí tó lè ní igba, n ò tíì rí irú àwọn wọ̀nyí. Ẹsẹ̀ dọ́gba, ẹ̀yìn dọ́gba, ìsopọ̀ wọn kò gba abẹ́rẹ́. Bàbá mi jókòó lórí ọ̀kan, ó ń wo bàtà tó wà lórí pẹpẹ. 

"Kí ló dé tí wọ́n á fi bá wa jókòó dọ́gba?"

Ó dìde, ó mú ayùn. "Wá bá mi di ibí mú."

Mo dojú àga náà dé, mo fi orúnkún mi méjèèjì há a, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Bàbá mi wọn ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta lára ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì gé e. Nígbà tó gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó ní kí n gbé àga lọ sídìí tábìlì, kí n jókòó ká wò ó. Mo jókòó. Àgbọ̀n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí tábìlì. Mo dà bí ọmọ tí wọ́n fi tipá mú wá sídìí oúnjẹ àwọn àgbà.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bí àgbàlagbà ará òdìkejì, mo na ọwọ́ sókè wá kálámù, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbé ìwé náà wá sísàlẹ̀, ọwọ́ mi ò tó o." Bàbá mi wò mí. Ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín já jáde, ẹ̀rín tí n ò gbọ́ mọ́ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Ó fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ kó máa rín in lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ tún gé ẹsẹ̀ iwájú sí i díẹ̀, ìwọ̀n ìka kan péré, kí wọ́n máa yọ̀ síwájú bí wọ́n bá jókòó."

Ẹ̀rín rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ó wo ayùn, ó wo àga. "Á wọ́ o."

"Ẹ jẹ́ kó wọ́," ni mo wí.

Ìgúnrégé, tó ń dìde láàárín àdúrà nítorí fọ́tò, gé àga mẹ́fà kó wọ́ nítorí pé èmi ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ sí i. A gé igi mẹ́rìnlélógún kúrò lọ́jọ́ náà, méjìlá gùn díẹ̀ ju méjìlá lọ. Mo gbá wọn jọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan.

Nígbà tí Akọ̀wé wá kó iṣẹ́ rẹ̀, tó rí i, ó gbàgbé láti nu àga. Ó jókòó, ó yọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti sọ fún gbogbo ìlú pé òun lòun ní kí wọ́n gé e. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe wá: inú bí wa. Bàbá mi ní, "Olè ni ọkùnrin yìí! Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni ló ń gbà." Ìyìn iṣẹ́ náà ni à ń jà fún nígbà náà.

Gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé. Èmi àti ìyá mi dúró lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Àwọn mẹ́fà wọlé pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, wọ́n jókòó, gbogbo gbọ̀ngán sì hó fún ẹ̀rín. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ń fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń yọ̀ síwájú, ó ń ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń yọ̀ síwájú, irùngbọ̀n rẹ̀ wá tẹ́ sórí tábìlì bí ohun tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀. Mo di ikùn mi mú. Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin iwájú mi bojú wẹ̀yìn.

Akọ̀wé ka ìwé. Afárá di tiwa láti etí kan dé ìkejì. Ará ọ̀hún tó bá fẹ́ kọjá á bọ́ fìlà, á bọ́ bàtà, á sì gbé e lọ́wọ́ títí yóò fi dé òpin. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń la igi, èyí tí ìdajì ìlú wọn fi ń jẹun, wọ́n á tú u, wọ́n á kó o wá fún wa. Láràárọ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn á dìde dúró, wọ́n á sọ pé, "Àwa la jẹ̀bi." Ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ti ẹ̀rọ náà. Akọ̀wé ní, "Ọdún mẹ́ta lẹ fi sọ̀rọ̀. Ẹ tọwọ́ bọ̀wé." Ayàwòrán ní kí wọ́n má mira, ó sì ya fọ́tò.

Ìyá mi fọwọ́ lẹ́rán, kò rẹ́rìn-ín. Òun náà lọ́mọ kú fún, àbí òun kọ́ lọ́mọ kú fún? Ó ní, "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí láwọn ọmọ nílé." Ó fa ìborùn rẹ̀ wé ọrùn, ó sì jáde lọ sílé. Mo bínú sí i. Mo rò pé kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi tó.

Ẹ̀rọ ìlagi ọ̀hún dé. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, wọ́n kó o sẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀, òjò pa á, ó dípẹtà, ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Fọ́tò náà dé pẹ̀lú. Bàbá mi ra tirẹ̀, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, ó gún régé.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo bí ọmọ mi ọkùnrin. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí jókòó, mo gbé apẹ̀rẹ̀ igi yẹn fún un kó máa fi ṣeré. Ó máa ń tò wọ́n sílẹ̀ ní méjì-méjì. Àwọn tó gùn ló ń pè ní bàbá, àwọn tó kúrú ló ń pè ní ọmọ. Ó fi wọ́n kọ́ ilé, ó fi wọ́n ṣe ọkọ̀, ó fi wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan dé mẹ́rìnlélógún. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n ti wá fún un. Nígbà tó bèèrè àwọn tó wà nínú fọ́tò, mo ní ìgbìmọ̀ ló ní kí Bàbá Àgbà gé àga náà. Ó ti wá rọrùn báyìí láti fi ìyìn ọ̀hún sílẹ̀ fún Akọ̀wé. Bàbá mi gbọ́ mi, kò sì bá mi wí.

Ohun tó wá yí bàbá mi padà nìyí. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́jọ nígbà tí igi dáadáa wọ́n lọ́dọ̀ wa, tí èmi àti bàbá mi kọjá afárá lọ wá pákó rà. Àwa wọ bàtà. Àwọn ará ọ̀hún ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láìwọ bàtà, àgbà àti ọmọdé, bàtà lọ́wọ́, wọn ò wojú wa. A wọ ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń fi ọwọ́ la igi, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ mọ́. Fọ́tò náà wà lára ògiri níbẹ̀, ó kọjú sí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, kó lè máa rí i bó bá ti gbé orí sókè.

Ó rí i pé bàbá mi ń wò ó. Kò mọ̀ wá rí.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà gbẹ́nàgbẹ́nà ni, abí? Mo rí ìka yín. Ẹ wo ìsopọ̀ yẹn, níbi apá àga. Ẹ sún mọ́ ọn."

Bàbá mi ní, "Mo rí i."

"Ọ̀gá iṣẹ́ ló ṣe é. Èmi ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, n ò ní purọ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bó bá jẹ́ òpè ni, mà á ní àṣìṣe ni, ayùn ló yẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó báyìí mọ ohun tó ń ṣe." Ó nu ẹ̀rún igi kúrò lára fọ́tò náà pẹ̀lú apá ẹ̀wù rẹ̀. "Bàbá mi ni onírùngbọ̀n tó wà nínú rẹ̀ yẹn. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo ní. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó máa ń bi mí pé, 'Bàbá, kí ló dé tí Bàbá Àgbà fi gbé irùngbọ̀n lé orí tábìlì?' Ẹ̀yin náà, kí ni kí n sọ fún un?"

 A ra pákó, a sanwó, a ń lọ sílé. Lórí afárá, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́. Ṣọ́jà wa tó wà níbẹ̀ pariwo pé, "Bàbá, ẹ̀yin kọ́ o! Àwọn yẹn ni!" Ó ń rìn lọ bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí nítorí rẹ̀. Mo sáré ṣíwájú bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kà á mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Nígbà tí a délé, ó yọ fọ́tò kúrò lára ògiri, ìṣó rẹ̀ nìkan ló kù. Ó gba apẹ̀rẹ̀ igi lọ́wọ́ ọmọ mi, ọmọ ń ké, ó gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Lẹ́yìn náà ó lọ bá Akọ̀wé, tó ti di olórí ìgbìmọ̀ nígbà náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun lẹ ẹsẹ̀ àwọn àga náà padà. Ó ní ojú àpá kò lè jọ ojú ara, òun mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á dọ́gba. Ó tún ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn máa wọ bàtà lórí afárá, kí wọ́n dá ẹ̀rọ yẹn padà, ó ṣáà ti dípẹtà.

Akọ̀wé ní, "Bàbá, ṣé ara yín yá? Kí wọ́n lè rò pé à ń bẹ̀rù wọn? Àwọn àga yẹn ti di ti ìlú. Ẹ lọ sinmi."

Bàbá mi padà wálé sinmi. Bí a ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nìyẹn. A lè lọ sí ojúde ìgbìmọ̀ ká pariwo. A lè sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà fún aráyé. A ò ṣe é. Ìyá mi kú ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, a ò sì ṣe é náà.

Ní ogún ọdún géérégé lẹ́yìn fọ́tò yẹn, àwọn ọmọ tó ń sọ láràárọ̀ pé "Àwa la jẹ̀bi" ti dàgbà, ìbọn ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọjá afárá pẹ̀lú bàtà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọ mi. Ìgbìmọ̀ mú un lọ sógun, mo sì di ìyá tó ń wo ojú ọ̀nà. Ní ọdún kejì ogun, wọ́n mú un lẹ́rú ogun pẹ̀lú igba àti mẹ́wàá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, apá wa ò ká a mọ́. A túúbá.

Wọ́n ránṣẹ́ sí wa. Lọ́dọ̀ wọn ni a ó ti tọwọ́ bọ̀wé. Bí a bá tọwọ́ bọ̀wé tán, wọ́n á tú àwọn ọmọ wa sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bèèrè kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀: kí a kó àga mẹ́fà yẹn wá, kí àwọn èèyàn wa jókòó lé e.

Kò sí àgbà ìlú tó fẹ́ lọ. Ẹ̀yìn ń dun ẹni kan, ẹ̀jẹ̀ ru sókè lára ẹni kejì. Akọ̀wé, tó ní òun lòun ní kí wọ́n gé e, ti sá lọ sílé ìyàwó rẹ̀ kékeré. Wọ́n rí márùn-ún fà jáde níkẹyìn. Ẹnì kan ló kù, bí kò bá sì pé mẹ́fà, àwọn ọmọ wa ò ní bọ̀. Bàbá mi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dára jù, ó lọ bá wọn. Ó ní, "Èmi ni ẹ̀kẹfà."

Mo bá a lọ. Mo tún dúró lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, gbọ̀ngán míràn, ẹ̀gbẹ́ míràn. Wọ́n to àwọn ọmọ wa sára ògiri, ọwọ́ wọn wà ní dídè. Mo rí tèmi. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ni. Inú mi kọ́kọ́ dùn, kí n tó rántí pé yóò rí gbogbo rẹ̀.

Bàbá mi jókòó. Ó yọ̀ síwájú. Ó ti ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó yọ̀ síwájú. Ọrùn àgbàlagbà kò lágbára mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ bọ́ sórí tábìlì, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Gbọ̀ngán hó. Obìnrin kan wà níwájú mi díẹ̀, kò ju ọjọ́ orí tí mo wà nígbà àkọ́kọ́ lọ, ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bóyá ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ náà kú. N ò bínú sí i. Mo kàn mọ ẹ̀rín ọ̀hún ni. Mo wá ilẹ̀ tí mà á wọ̀.

Wọ́n ka ìwé. Afárá di tiwọn láti etí kan dé ìkejì. Àwa la ó máa bọ́ bàtà. Láràárọ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa á dìde dúró. Kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀; ìwé tiwa náà ni, orúkọ ni wọ́n yí padà.

Nígbà tí ayàwòrán ṣe tán, gbẹ́nàgbẹ́nà onírùngbọ̀n ọjọ́sí yọ láàárín èrò. Ó ti hewú. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ àga, ó wo ìka bàbá mi tó wà lórí tábìlì, ó sì wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni," ni bàbá mi wí.

"Ọmọ mi kú sí ìdí afárá," ó ní.  Ó di bàbá mi lápá, ó fà á dìde lórí àga náà, nítorí pé kò lè dá dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ mi padà sílé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì kò wọ ṣọ́ọ̀bù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ayùn àti òòlù, inú mi dùn pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń padà sídìí iṣẹ́. Férémù ló ń kàn. Ó ti gé fọ́tò gbọ̀ngán yẹn nínú ìwé ìròyìn. Ó gbé e wá sí pálọ̀, ó rí ìṣó àtijọ́ lára ògiri, ó sì gbé e kọ́ ọ.

Bàbá mi ń wò ó láti orí ìjókòó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ó wọ́. Apá ọ̀tún lọ sókè."

"Ẹ jẹ́ kó wọ́, Bàbá Àgbà."

Mo gbé ife ọwọ́ mi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni, ọ̀rọ̀ tí mo sọ kí wọ́n tó bí i.

Ó yíjú sí mi. "Màmá, kì í ṣe àwọn tó kọ ìwé yẹn ni inú ń bí mi sí. Ogun ni ogun. Bàbá Àgbà náà, iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni. Ẹ wo obìnrin yìí." Ó fi ìka kan fọ́tò náà. "Ẹ wò ó bó ṣe di ikùn mú. Mo ti há ojú rẹ̀ sórí. Ọjọ́ tá a bá padà débẹ̀, a ó sì padà débẹ̀, ilé tirẹ̀ ni mà á kọ́kọ́ wọ̀."

Bàbá mi wò mí.  Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá, èmi ni n ò fẹ́ kó bá a lójú ọmọ mi. Mo lè dákẹ́. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ dáadáa. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo gbé apẹ̀rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ, mo dà á sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Igi ìṣeré mi. Ọmọ ọdún mélòó lẹ rò pé mo jẹ́?"

"Àga mẹ́fà. Ẹsẹ̀ wọn jẹ́ mélòó?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí tò wọ́n ní méjì-méjì bó ti máa ń ṣe, bàbá àti ọmọ, bàbá àti ọmọ. Kó tó dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọmọ-ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ó yí ọ̀kan po, ó fi ìka tọ́ ojú tí ayùn ti gbà kọjá. Mo sọ fún un. Mo ní ìgbìmọ̀ ò ní ká gé nǹkan kan. Èmi ni mo fi orúnkún há àga. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó, èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi ni mo ní kó wọ́. Mo ní, "Obìnrin tó o fi ìka kàn yẹn, èmi ni. Bó o bá wọ ilé rẹ̀, ilé mi lo wọ̀."

Kò gbójú sókè. Ó di igi náà mú pinpin.

"Ṣé ó dùn?" ó bi mí. "Ẹ̀rín yẹn. Ṣé ó dùn mọ́ yín?"

Mo fẹ́ sọ pé kò dùn. Bàbá mi ń wò mí.

"Ó dùn," ni mo wí. "N ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi tó o rí."

Ó kó àwọn igi náà padà sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn. Fọ́tò náà ṣì wà lórí ìṣó, ó ṣì wọ́, Ìgúnrégé jókòó ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni bá òun tún un ṣe.